Òpó Igun Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Fọwọ́ Kàn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wá bi mí bóyá iṣẹ́ irin dára fún ọmọ tó kàwé, ẹ jókòó. N óò dá yín lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ má retí ọ̀rọ̀ dídùn. Títún ọgbà onírin ṣe yíká ilé àwọn ará Èkó ni mo fi gbogbo agbára mi ṣe, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà di òní. Ohun tí mi ò fẹ́ràn ni ohun tí wọ́n ṣe fún ẹni tó kọ́ mi. Mo kàwé dé yunifásítì, mo mọ bí a ṣe ń to ẹ̀sùn, n óò sì to tèmi lónìí láìfi ọ̀kan pamọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi wà lára àwọn tó kó o.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò gùn. Mo jáde Sítáńdáàdì Síìsì láàárín àwọn ọdún tí aláwọ̀ funfun ṣì ń jókòó nílé ìjọba. Bàbá mi, ọmọ Sàró, akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì kan nítòsí Tinúbú, ó sì fẹ́ kí èmi náà wọ bàtà dídán kí yíǹkì máa ta sí mi níka. Ṣùgbọ́n ọmọ Àgùdà ni ìyá mi. Ilé bàbá rẹ̀ ní ọgbà onírin tí wọ́n hun bí ewé àti òdòdó, láti kékeré ni mo sì ti ń fi ìka tọ ipa rẹ̀ kiri. Nígbà tí mo ní irin ni mo fẹ́, bàbá mi pariwo: "Sàró wo lo rí rí tó ń fẹ́ ewìrì?" Ó bínú títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ló bá mú mi lọ bá Ọ̀gá Múráínà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọ̀rọ̀ owó ìkọ́ṣẹ́, ẹ jẹ́ ká fò ó. Kò sẹ́ni tó là níbẹ̀, ebi ò sì pa ẹnikẹ́ni kú.

Ọ̀gá Múráínà ga, ó tínrín, apá kan irùngbọ̀n rẹ̀ sì kúrú ju èkejì lọ nítorí iná tó máa ń ta sí i. Ọjọ́ tí mo dé ló ti sọ mí ní Akọ̀wé. "Akọ̀wé, fẹ́ná!" "Akọ̀wé, ṣé gírámà lo fẹ́ fi tọ́ irin yẹn ni?" Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan òòlù fún ọ̀pọ̀ oṣù. Fífá ìpáàrà ni iṣẹ́ mi, àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, títí ojú irin yóò fi funfun bí eyín ọmọdé.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí iṣẹ́ gan-an nìyẹn. Atẹ́gùn tó ń ti orí ọ̀sà wá gbé iyọ̀ dání. Irin Èkó kì í ti òkè bàjẹ́. Ìdí ni, níbi tó ti wọ inú sìmẹ́ǹtì, níbi tí omi òjò ń dúró sí. Òkè á máa dán, ìdí á ti máa jẹrà. Òòlù kékeré kan wà lápò ọ̀gá mi tí ó fi ń kan ìdí òpó kọ̀ọ̀kan, á sì dẹ etí sílẹ̀. Irin tó yè á dáhùn "kín-ín." Èyí tó ti jẹrà á ní "pọ̀," bí agolo tí iyanrìn kún inú rẹ̀. Tó bá ti ní "pọ̀," kò sí ọ̀dà tó lè wò ó sàn. A óò gbẹ́ ìdí rẹ̀, a óò gé ibi tó jẹrà kúrò, a óò fi iná so irin tuntun mọ́ ọn, a óò wá rọ sìmẹ́ǹtì yí i ká kó dagẹ̀rẹ́ bí òrùlé, kí omi lè máa ṣàn lọ.

Ọ̀gá mi le. Ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó lọ́jọ́ kan, Ìléyá ku ọ̀túnla, obìnrin onílé kan ń kánjú. Ó ní kí a má wulẹ̀ fá nǹkan kan, kí a ṣáà kun ọ̀dà lé e kí àlejò má rí i.

Ọ̀gá mi ní, "Ìyá, ẹni tó kun ìpáàrà, irọ́ ló kùn."

"Ṣé ìwọ lo ni ọgbà ni? Mo ní kùn ún!"

Ọ̀gá mi ká irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, ó gbé e kọ́ èjìká, ó ń lọ. A ti dé ìkángun àdúgbò kí obìnrin náà tó ránṣẹ́ pè wá padà. Ẹ fi ìtàn yìí sọ́kàn. Ọkùnrin tí kò lè fi ọ̀dà purọ́ ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Abẹ́ àtíbàbà páànù ni ṣọ́ọ̀bù wa wà, lára ọgbà agboolé kan. Mi ò ní dárúkọ agboolé náà. Ọmọ wọn ṣì wà níbẹ̀, wọ́n sì fẹ́ràn kóòtù ju oúnjẹ lọ. Bàbá Àgbà, olórí ẹbí, àbúrò ẹni tó kọ́ ilé náà, ló fún ọ̀gá mi láyè níbẹ̀, ọ̀gá mi náà sì ń bójú tó ọgbà wọn. Ẹni tó kọ́ ilé náà fi ọmọ ìyàwó méjì sáyé lọ, wọ́n sì pín ogún ní ìdí-ìdí bí a ṣe ń pín in nílẹ̀ wa: Ìdí Ìyá Mọ̀ríámọ̀, Ìdí Ìyá Sálámátù. Wọ́n pín yàrá, wọ́n pín ọjọ́ tí oníkálukú ń pọn kànga, wọ́n pín ọgbà. Èyí tó kọjú sí títì jẹ́ ti Mọ̀ríámọ̀, èyí tó wà lẹ́bàá ọ̀nà tóóró jẹ́ ti Sálámátù. Ẹni tó pín in kò sọ ìdí tó ni òpó igun, níbi tí ọgbà méjèèjì ti pàdé.

Bẹ́ẹ̀, nínú ilé ẹbí, ẹni tó bá tún nǹkan ṣe lónìí ni yóò sọ lọ́la pé òun ló ni ín. Nítorí náà, ìdí méjèèjì ló fẹ́ kí òpó náà dúró, kò sì sí èyí tó lè jẹ́ kí èkejì tún un ṣe.

Ìyá Sikírá, àgbà Ìdí Mọ̀ríámọ̀, ló kọ́kọ́ pè wá. A ṣe iwájú títí dé ọ̀pá tó kẹ́yìn. Ọ̀gá mi wá kan ìdí òpó igun. Ó ní "pọ̀." Bó ṣe kúnlẹ̀ kó máa gbẹ́ ẹ báyìí, Bọ̀ọ̀dá Gàníyù, ọmọkùnrin Ìdí Sálámátù, bọ́ síta pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, pákò lẹ́nu.

"Ọ̀gá Múráínà! Ta ló ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kan ìyẹn?"

Ìyá Sikírá ti dáhùn láti ojú fèrèsé. "Èmi ni! Ṣé o ò rí i pé títì ló kọjú sí?"

"Tó bá kọjú sí títì, ẹ jẹ́ kí títì wá tún un ṣe. Tiwa ni."

"Bàbá tó bí ọ ò gbójú bá mi sọ bẹ́ẹ̀ kó tó kú!"

"Torí náà lẹ ṣe fẹ́ jẹ ogún rẹ̀ báyìí?"

Ọ̀gá mi dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. Nígbà tó yá, Gàníyù pè wá sí apá tiwọn. A ṣe é dé igun, Ìyá Sikírá sì gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá, ó fẹ̀yìn ti òpó náà, ó ká ẹsẹ̀ jọ.

"Ẹ wá gbẹ́ ẹ," ó ní. "Ṣùgbọ́n èmi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbẹ́."

Báyìí ni ọgbà náà ṣe dúró: ọ̀tún dúdú ó ń dán, òsì dúdú ó ń dán, òpó igun sì pupa láàárín wọn bí egbò. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń rí i.

Ìgbéyàwó ń bọ̀ nínú ilé náà. Sùwébátù, ọmọ Bàbá Àgbà fúnra rẹ̀, ni wọ́n fẹ́ so yìgì rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Alásàrí ọjọ́ kan, ọ̀gá mi bó èépá ìpáàrà kan kúrò lára òpó náà, ó ní kí n tẹ̀lé òun. A lọ bá Bàbá Àgbà ní yàrá rẹ̀. Ọ̀gá mi dọ̀bálẹ̀, ó fi èépá náà sí i lọ́wọ́.

"Bàbá, òpó igun yóò wó. Ẹ pàṣẹ kí n tún un ṣe."

Bàbá Àgbà fi àtàǹpàkò ra èépá náà títí ó fi di ẹ̀tù. "Mo gbọ́. Tí mo bá pàṣẹ lónìí, ìdí kan ò ní jókòó níbi yìgì ọmọ mi. Jẹ́ kí ìgbéyàwó kọjá."

"Bàbá, èrò á pọ̀ lọ́jọ́ náà."

"Mo ní mo gbọ́, Múráínà."

Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí. Mo rí i tó nu ọwọ́ rẹ̀ nù. Ẹ̀tù pupa náà hàn lára dàńṣíkí funfun rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ẹ̀tù náà.

Ní àárọ̀ ìgbéyàwó, ọ̀gá mi fi mí síwájú òpó. "Dúró síbí. Má fọwọ́ kàn án o, kí wọ́n má baà ní mo gbà á fún ìdí kan. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara tì í." Òun náà dúró sí ìkángun kejì, ó ń lé àwọn ọmọdé kúrò lórí ọgbà. Mo na apá mi méjèèjì. Nígbàkigbà tí èrò bá bì síwájú, mo máa ń gbọ́ irin náà tó ń ké lẹ́yìn mi, ohùn tínrín báyìí, mo sì mọ̀ pé èmi nìkan ló ń gbọ́ ọ.

Wọ́n kígbe pé àwọn ará ọkọ ìyàwó ń bọ̀ láti ọ̀nà Apọ́ngbọ̀n. Gbogbo èrò ya sí ọgbà. Ìyá Sikírá tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Yẹra, Akọ̀wé."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fara tì í. Ó ti jẹrà!"

"Òpó wa ni. Ta ni yóò dá mi dúró pé kí n má fara ti ohun tí mo ni?" Ó gbá a mú lójú gbogbo ènìyàn, ó sì wo apá kejì kí wọ́n lè rí òun.

Gàníyù rí i. Ó ti ààrin èrò bọ́ wá tòun ti agbádá, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé òpó náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. "Tiyín kọ́ o, Ìyá Sikírá. Gbogbo ayé, ẹ wò ó, mo di òpó bàbá mi mú!"

Mo pariwo. Ọ̀gá mi ń sáré bọ̀. Òpó náà kò tilẹ̀ dún púpọ̀. Ó ṣẹ́ ní ìdí bí ìrèké, ó sì wọ́ ọgbà iwájú dání. Gàníyù fò sẹ́yìn, irin gba agbádá rẹ̀ ya. Ẹsẹ̀ Ìyá Sikírá ló wà lábẹ́ rẹ̀. Igbe tó ké, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Èmi àti ọ̀gá mi la gbé irin náà kúrò lórí rẹ̀, ọ̀gá mi ya gèlè obìnrin kan sí méjì, ó fi di ẹsẹ̀ náà mọ́ igi kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọsibítù.

Wọ́n so yìgì náà ṣá.

Nígbà tí wọ́n gbé Ìyá Sikírá padà wálé pẹ̀lú ẹsẹ̀ nínú ẹfun líle tí dókítà fi di egungun rẹ̀, ẹbí pe ìpàdé. Ìdí méjèèjì kún yàrá Bàbá Àgbà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí wọn tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan nìyẹn.

Gàníyù ní, "Ẹni tó ń bójú tó ọgbà ló jẹ̀bi. Iwájú òpó náà ló ń jókòó lójoojúmọ́."

Ẹlòmíràn láti Ìdí Mọ̀ríámọ̀ ní, "Oníṣẹ́ tó rí àrùn tí kò wí, òun ló pa aláìsàn."

Ìyá Sikírá wà lórí ẹní. Òun tó jókòó ti òpó náà kí a má baà gbẹ́ ẹ. Ògiri ló ń wò.

Mi ò lè mú un mọ́ra. Mo dìde. "Ọ̀gá mi wí! Inú yàrá yìí ló ti wí i. Ó fi èépá ìpáàrà sí Bàbá lọ́wọ́, Bàbá sì ní kí ìgbéyàwó kọjá ná. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yìí, mo sì gbọ́."

Bàbá Àgbà kò wo ojú mi. Ó yíjú sí ọ̀gá mi, ó rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bèèrè omi mímu.

"Múráínà. Ṣé o sọ fún mi?"

Mo wo ọ̀gá mi. Mo ń retí ohùn tó fi dá obìnrin Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó lóhùn. Ó wo ilẹ̀, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Bàbá," ó ní, "mi ò rántí."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. "Ọmọ Sàró, ìwé lo kọ́, àbí irọ́?" Wọ́n ní kí n jókòó. Mo jókòó. Wọ́n wá dá ẹjọ́ náà: kí Múráínà ri òpó igun tuntun gẹ́gẹ́ bí ìtanràn, kó sì kó àtíbàbà rẹ̀ kúrò.

Nígbà tí a jáde, omi ń bọ́ lójú mi. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ sọ mí di òpùrọ́."

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé?"

Ó jókòó sórí owú rẹ̀, irin ńlá tó máa ń gbé irin gbígbóná lé lù. "Akọ̀wé, tí mo bá ní mo rántí, Bàbá á tẹ́ lójú ìdí méjèèjì. Òun nìkan ló so wọ́n pọ̀. Òpó náà á sì wà nílẹ̀ títí ayé, torí ìdí tó bá gbé e ró ló ni ín. Àmọ́ tó bá jẹ́ àjèjì ló jẹ̀bi, tí àjèjì rì í fún ìtanràn, kò sí ìdí tó lè ní òun ló ṣe é. Bí kò bá sì sí òpó, ọgbà tó kù lè wó pa ọmọ kan lọ́la. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo rí nìyẹn."

"Àwa ńkọ́? Ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Orúkọ yín ńkọ́?"

Ó ní kí n fẹ́ná.

Òpó tó rọ, mi ò rí irú rẹ̀ rí, mi ò sì rí i mọ́. Ẹsẹ̀ méjì ló ní. Ó la ìsàlẹ̀ irin náà sí méjì nínú iná, ó tẹ ẹsẹ̀ kan gba abẹ́ ọgbà Mọ̀ríámọ̀, ó tẹ èkejì gba abẹ́ ọgbà Sálámátù, ó sì fi bóòtì àti nọ́ọ̀tì dè wọ́n mọ́ ọ̀pá ìsàlẹ̀ ìhà méjèèjì. Ìdí tó bá fẹ́ yọ ọ́, ọgbà tirẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wó. A rọ sìmẹ́ǹtì, a jẹ́ kó dagẹ̀rẹ́. Ìyá Sikírá ń wò wá láti orí àpótí rẹ̀.

"Múráínà," ó ní, "jẹ́ kó dúró dáadáa o."

Ọ̀gá mi kan ìdí rẹ̀. *Kín-ín.* "Ìyá, ó ti dúró."

Gbogbo ohun tí obìnrin náà sọ nìyẹn. Kò sọ pé òun jẹ̀bi, kò sì ní kó má bínú.

Abẹ́ àtíbàbà tí a yá ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ni ọ̀gá mi ti gbàdúrà ìtúsílẹ̀ fún mi nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ tán. Èrò ò pọ̀, torí ìròyìn ti lọ káàkiri pé ọgbà Múráínà ló wó lu ènìyàn. Àwọn oníbàárà sá. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ọ̀gá mi fi kú. Mo ń ṣiṣẹ́ lójúmọmọ, mo ń kàwé nírọ̀lẹ́, mo wọ yunifásítì, mo kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, mo sì padà sídìí irin. Àwọn ènìyàn ní mo fi ìwé ṣòfò. Kábáádì, gáàsì tí a fi ń jó irin pọ̀, lé ewìrì lọ, ẹ̀rọ wẹ́dà oníná lé kábáádì, ẹ̀rọ tó ń fi ìṣẹ́jú fá ohun tí mo fi ọjọ́ fá náà dé. Mo lo gbogbo wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè gbọ́ "pọ̀." Òòlù kékeré ọ̀gá mi ṣì wà lápò mi.

Bí ẹ bá bi mí, iṣẹ́ náà dára. Ẹ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ẹ̀sùn mi tán. Bàbá Àgbà mọ̀, ó sì béèrè bí ẹni tí kò mọ̀. Ìdí méjèèjì ló lé wa kúrò nídìí òpó, wọ́n sì ní a kò dé ìdí rẹ̀. Wọ́n fi orúkọ ènìyàn rere ṣe sìmẹ́ǹtì tó mú ilé wọn dúró, wọn kò sì dúpẹ́. Mo sì bínú sí ọ̀gá mi náà, torí orúkọ tirẹ̀ nìkan kọ́ ló fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ó fi tèmi náà sí i, kò sì bi mí.

Wọ́n ti wó ọgbà onírin náà. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi mọ ògiri, ṣùgbọ́n ìdí méjèèjì kò tíì fẹnu kò lórí òpó igun, wọ́n wá mọ ògiri dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Bí Ìléyá bá ti ń súnmọ́, mo máa ń mú búrọ́ọ̀ṣì wáyà àti ọ̀dà lọ. Ọdún tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde látinú ilé náà, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ta ló gbéṣẹ́ yìí fún yín? A ò pe ẹnikẹ́ni."

"Ọ̀gá mi ni."

"Ọ̀gá yín? Ta nìyẹn? Bàbá, ẹ má bínú o, ta ló tiẹ̀ ri òpó yìí? Mo ti bi gbogbo àgbà ilé yìí, wọ́n ní àwọn ò rántí."

Mo kan ìdí rẹ̀. *Kín-ín.* Mo gbé òòlù náà lé e lọ́wọ́ kí òun náà kàn án.

"Múráínà ló ń jẹ́," mo ní. "Jókòó. Èmi rántí."